Ìròyìn Tó Dá Rìn Dé Pọ́bẹ̀

"Gbé e wá kí n bá ọ ṣí i," ni Sàlímátù wí. Ó na ọwọ́ sí fóònù tí Oyèkẹ́mi dì mọ́ àyà.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni wọ́n jókòó sí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni. Judicaël, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, fara ti igi, ó ń da gàrí gbígbẹ sẹ́nu.

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o," ni ó wí. "Fóònù ará Màsẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ lè yọ jáde nínú rẹ̀."

"Ìwọ tí ò ń jẹ gàrí," Sàlímátù dá a lóhùn, "níbo lo rò pé ó ti wá?"

Oyèkẹ́mi bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì fi fóònù náà sílẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀. Fáṣèyí bàbá rẹ̀ ló rà á nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Màmá Àgbà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Pọ́bẹ̀, kí àwọn ará ilé lè máa gbúròó rẹ̀. Nítorí pé Oyèkẹ́mi ló mọ̀wé jù nínú agbolé, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi í sí. "Ìròyìn màmá mi ni mo fi sí ọ lọ́wọ́ yìí," ni ó wí lọ́jọ́ náà. "Tọ́jú rẹ̀."

"Kátíè ni orúkọ rẹ̀," Sàlímátù ń ṣàlàyé. Ó ti gba fóònù náà, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀. "Bí àwọn onífaransé ṣe ń pe àdúgbò gan-an ni. Áàpù tuntun ni. Gbogbo kíláàsì ti wọ ibẹ̀ tán, ìwọ nìkan ló kù níta."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń rí ara wọn."

"Ṣé a ò rí ara wa níbí ni?"

"Ojú tí a ò tíì bọ́ ni à ń rí níbí," ni Judicaël wí. "Èyí tí a ti bọ́ ló wà níbẹ̀."

Kátíè béèrè orúkọ Oyèkẹ́mi, ó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ní kí ó ya fọ́tò ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde ní èdè Faransé, ó kún ojú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oyèkẹ́mi tẹ orí ba kí ó lè kà á.

"Ta ló ń ka ìyẹn?" Sàlímátù wí. "Ó kàn ń béèrè bóyá kí ó máa mọ ibi tí o wà ni. Tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kí o wọlé."

Oyèkẹ́mi tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rí olùkọ́ ìṣirò wọn tó gbé ọmọ ewúrẹ́ kan dání bí ìkókó. Ó rí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ nínú aṣọ tí kò mọ̀ pé wọ́n ní. Ó rí obìnrin kan ní Oko-Àkàrè tó ń din àkàrà, àti aránṣọ kan ní Pọ́bẹ̀ tó ń fi bùbá tuntun hàn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò mọ aránṣọ náà rí láyé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gun orí òkè tó ń wo inú gbogbo agbolé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí i pé ó ń wò. Inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tí agogo lù, kò gbọ́.

Ohun tí kò ronú sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni pé bí òun bá rí aránṣọ Pọ́bẹ̀, aránṣọ Pọ́bẹ̀ náà lè rí òun.

Nígbà tó padà dé Màsẹ̀, ó ya fọ́tò ahéré tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gàrí, ó fi í sórí Kátíè. Ẹnikẹ́ni kò dá sí i. Ó ya ewé ẹ̀gẹ́ tí ìrì sẹ̀ sí. Judicaël nìkan ló fèsì, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò Sàlímátù, àwọn àwòrán ọkàn pupa kéékèèké máa ń kún bí èèrà lára ṣúgà, ìbáà jẹ́ bàtà rẹ̀ lásán ni ó yà. Tí Oyèkẹ́mi bá ń gé igi ìdáná, yóò dúró yẹ fóònù wò. Bí ó bá ń pọn omi, yóò gbé garawa kalẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tó wọ agbolé tó kún fún ènìyàn, tó kí wọn, tí ẹnìkan kò sì dáhùn.

Bàbá Àgbà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fábíyì, ló máa ń béèrè fóònù náà jù nínú ilé. Adẹ́mu ni. Kò gun ọ̀pẹ gíga mọ́, ṣùgbọ́n igbà rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tó wà nítòsí ilé ló sì ń dá. Bí ó bá ti ti oko dé, yóò jókòó lábẹ́ àtíbàbà, yóò pe Oyèkẹ́mi.

"Ṣé Oyèlẹ́yẹ wà nínú rẹ̀ lónìí?"

"Kò sí nínú rẹ̀, Bàbá Àgbà. A máa pè é ni."

"Pè é nígbà náà. Kí lò ń dúró dè?"

Oyèlẹ́yẹ ni Màmá Àgbà, ìyàwó rẹ̀. Ojú òsì ìyá náà ti fọ́ kí wọ́n tó bí Oyèkẹ́mi, nígbà tí pòròpórò àgbàdo gún un lóko. Ojú ọ̀tún ló kù fún un, òun náà sì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi lè dá ènìyàn mọ̀ mọ́ àfi tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn dókítà ojú kan ti Kùtọnu wá, wọ́n dúró ní Pọ́bẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni Táńtì Rosine, àbúrò bàbá Oyèkẹ́mi, ti gbé ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà sọ fún wọn pé Màmá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú náà, kò sì gbọdọ̀ sunkún rárá títí tí egbò inú rẹ̀ yóò fi jinná. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Ìgbà tí wọ́n pè é kẹ́yìn, Màmá Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ fún ayọ̀. Wọ́n ṣí aṣọ ojú náà díẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tún un dì.

"Mo rí aṣọ nọ́ọ̀sì," ni ó wí. "Funfun ni. Mo rí fèrèsé. Mo rí ìka mi, ó ti gbó."

"Bí o bá dé, má wo èmi púpọ̀," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn. "Mo ti bàjẹ́ ju ìka rẹ lọ."

"Màá wò ọ́ dáadáa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti rí ọ."

Bàbá Àgbà da fóònù padà fún Oyèkẹ́mi. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Oyèkẹ́mi ya fọ́tò rẹ̀ báyẹn, pẹ̀lú igbà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Oyèkẹ́mi ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá agbolé nínú ìdákẹ́jẹ́ tí kò mọ̀ rí. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá rẹ̀ mú kí ó tó wọlé.

"Bàbá Àgbà ti lọ," ni ó wí fún un ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ó ti oko dé, ó ní ó rẹ òun, ó jókòó. Má ké, Kẹ́mi. Mo bẹ̀ ọ́, má ké síta."

Nínú yàrá, Bàbá Fádáre, àbúrò olóògbé, ti kó gbogbo ẹbí jọ. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́," ni ó wí. "A ó sin ín láàárọ̀ ọ̀la. Kò ní sí ìbọn, kò ní sí ẹni tí yóò sunkún síta. Ìsìnkú tó tọ́ sí i ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú egbò nínú ojú. Bí ó bá gbọ́ lónìí, ojú náà ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí dókítà bá ní ó ti jinná, èmi àti ìyàwó mi yóò lọ bá a."

"Rosine ńkọ́?" Fáṣèyí béèrè. "Bàbá rẹ̀ ni."

"Rosine náà yóò dúró. O mọ̀ ọ́n. Kò mọ bí a ṣe ń fi ojú pamọ́." Bàbá Fádáre yíjú sí Oyèkẹ́mi. "Ìwọ ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Bí Rosine bá pè, tó ní kí o gbé e fún Bàbá, kí lo máa sọ?"

"Màá ní Bàbá Àgbà ń sinmi."

"Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú agbolé yìí títí tí èmi yóò fi gbé e lọ fúnra mi."

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò lọ. Gbogbo Màsẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n máa ń rán. Àwọn méjèèjì kì í sáré, wọn kì í sì í dáhùn ìbéèrè lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á tọrọ omi, wọ́n á mu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì ní kí onílé náà mu. Ọ̀kan á jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, èkejì á jókòó sí òsì. Wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa la ẹnu.

Màmá Àgbà gan-an ni wọ́n máa ń rán jù lọ. Oyèkẹ́mi tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣì kéré, lọ sílé obìnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé, tí ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kétu. Ó ṣì rántí bí Abọ́dúndé ṣe fẹ́ fò dìde láti sá jáde, tí ọwọ́ mẹ́rin sì dá a padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kò sì jẹ́ kí ó fi orí gbá ògiri.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Oyèkẹ́mi jáde lọ sí ahéré gàrí. Iná ibẹ̀ ti kú. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó fi aṣọ dí ẹnu kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde. Inú ilé kò sẹ́ni tó ń sunkún tí òun lè lọ bá sun ún. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó yọ fóònù, ó wo fọ́tò Bàbá Àgbà, ọwọ́ lórí irùngbọ̀n.

Ó rántí ohun tí Bàbá Fádáre wí. Ó rò ó dáadáa, a kò lè sọ pé kò rò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Màmá Àgbà kò mọ̀wé kà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ Táńtì Rosine kò ju èyí tí a fi ń pe ènìyàn lọ, kò lè gbé Kátíè. Àwọn ọmọ kíláàsì òun nìkan ni yóò rí i. Wọn kì í ṣe ará agbolé, wọn kì í sì í lọ sí Pọ́bẹ̀. Ta ló máa gbọ́ níbẹ̀?

Ó fi fọ́tò náà síbẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá Àgbà mi, Fábíyì adẹ́mu ní Màsẹ̀, ti fi ayé sílẹ̀ lónìí. Ẹ bá mi sunkún, nítorí wọ́n ní kí a má sunkún nílé."

Kò tíì nu ojú rẹ̀ tán tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi," ni Sàlímátù kọ. "Màá wá bá ọ lọ́la." Olùkọ́ ìṣirò kí i kú ọ̀fọ̀. Judicaël kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Mo mu ẹmu rẹ̀ rí. Ó dáa. Pẹ̀lẹ́." Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí kò mọ̀ rí dé, orúkọ lórí orúkọ, àwọn ọkàn pupa sì ń pọ̀ sí i bí ó ṣe ń wò wọ́n. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ahéré náà, wọ́n sì jókòó yí i ká. Ó sunkún, ó wò ó bóyá wọ́n ti pọ̀ sí i, ó tún sunkún. Ìwò yẹn tí ó ń wò láàárín ẹkún, òun ni ojú rẹ̀ tì í fún jù lọ lẹ́yìn náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ọwọ́ ìsìnkú ni fóònù dún.

"Gbé e fún bàbá rẹ," ni Táńtì Rosine wí. Kò kí i. Ohùn rẹ̀ ti há.

Fáṣèyí gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, kò sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ta ló sọ fún un?" Ó tẹ́tí sí ìdáhùn, ó sì sọ fóònù kalẹ̀ lórí àga.

"Màmá ti gbọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná," ni ó wí fún gbogbo wọn. "Obìnrin kan tó wà ní yàrá wọn ló sọ fún un. Rosine ní òun kò mọ ibi tí obìnrin náà ti gbọ́ ọ, Màmá ni òun ń dì mú títí ilẹ̀ fi mọ́, òun kò ráyè bi í."

Gbogbo ojú yí sí Ghislain, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Oyèkẹ́mi tó ń gbé pẹ̀lú wọn. Ó gbé epo lọ sí Pọ́bẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ ní àná, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó dé.

"Kì í ṣe èmi," ni Ghislain wí.

"Ta lo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Bàbá Fádáre béèrè.

"Àwọn tó ra epo. Mi ò tilẹ̀ gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bàbá, nígbà tí mo kúrò nílé, Bàbá Àgbà ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà tí mo dé."

"Ìròyìn burúkú máa ń bá ènìyàn lójú ọ̀nà," ni ìyàwó Bàbá Fádáre wí. "Bóyá ẹnìkan pàdé rẹ, tí o gbọ́, tí o sì tún un sọ."

Ghislain tẹ orí ba. Ó wo ilẹ̀. Ó jọ pé ó ti mọ̀ pé wọn kò ní gba òun gbọ́, nítorí òun kọ́ ni ọmọ agbolé náà.

Oyèkẹ́mi ti fọwọ́ kan fóònù. Ó ti pa fọ́tò náà rẹ́ kúrò lórí Kátíè nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó rí i. Bí ó bá dákẹ́, ó ti parí nìyẹn. Ó wo ọrùn Ghislain tó tẹ̀ síwájú, eruku ọ̀nà Pọ́bẹ̀ ṣì wà lára kọ́là aṣọ rẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ni ìwọ?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú fóònù. Mo rò pé àwọn ará kíláàsì mi nìkan ló máa rí i."

Ẹnikẹ́ni kò lù ú. Ì bá sàn fún un bí wọ́n bá lù ú. Bàbá Fádáre dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ghislain, má bínú," ni ó kọ́kọ́ wí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún Oyèkẹ́mi pé, "Wẹ ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ náà yóò bá wa lọ."

Alùpùpù ni wọ́n gùn lọ. Táńtì Rosine pàdé wọn lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ wú. Lábẹ́ igi ni ó ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Obìnrin náà ń jẹ́ Àmínátù, oníṣòwò ni, ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ènìyàn rere ni. Òun ló máa ń ra ẹ̀kọ gbígbóná fún Màmá láràárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Táńtì Rosine jáde lọ pọn omi, Àmínátù sì ń wo fóònù rẹ̀ láti fi pa àkókò. Kátíè gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àyíká wá fún un, bí ó ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn.

"Màmá," ni ó béèrè, "ṣé Màsẹ̀ lẹ ní ẹ ti wá? Ṣé ẹ mọ Fábíyì adẹ́mu?"

"Ṣé kí n má mọ̀ ọ́n?" ni Màmá dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ni. Ta ló ń béèrè rẹ̀?"

Àmínátù dákẹ́.

Bí Màmá kò tilẹ̀ ríran, ó mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti gbé e lọ sílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi," ni ó wí.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Ọmọ mi, èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Táńtì Rosine yóò fi gbé omi dé, Màmá ti sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti fi etí gèlè rẹ̀ gbo ojú náà, aṣọ ìdìjú ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àmínátù dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni Táńtì Rosine náà ti gbọ́ pé bàbá òun kú.

Wọ́n wọlé. Màmá Àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìdìjú mìíràn ti wà lójú rẹ̀. Bàbá Fádáre jókòó sí ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀ sí òsì, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ pẹ́ dé," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

"A pẹ́ dé," ni Bàbá Fádáre dá a lóhùn. "Ẹni tó ṣáájú wa wà níbí. Ó ní ọ̀rọ̀ í sọ."

Oyèkẹ́mi kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti abẹ́ igi máńgòrò títí dé ahéré gàrí. Kò fi ti àwọn ọkàn pupa náà pamọ́. Màmá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ kiri títí ó fi bà á.

"Ṣé o rántí ilé Abọ́dúndé?"

"Mo rántí, Màmá."

"Kí ni mo gbé dání lọ síbẹ̀?"

Oyèkẹ́mi ronú. "Ẹ ò gbé nǹkan kan dání."

"Ọwọ́ mi nìkan ni. Pé o sunkún bàbá rẹ, ìyẹn kò dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí mo gbọ́, mo na ọwọ́ báyìí," ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ lápá òsì rẹ̀, "mi ò bá ẹnìkan."

Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká. Egbò náà ti ṣí, ó sì ti gba ìdọ̀tí. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ìdìjú náà níkẹyìn, Màmá Àgbà mọ ibi tí fèrèsé wà nítorí ìmọ́lẹ̀, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí aṣọ funfun mọ́, kò sì rí ìka rẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ tó ní òun máa wò dáadáa, wọ́n ti sin ín.

Oyèkẹ́mi yọ Kátíè kúrò nínú fóònù náà, ó sì da fóònù padà fún bàbá rẹ̀. Sàlímátù bi í léèrè nílé ìwé pé ṣé kò ní padà wọ ibẹ̀ mọ́. Ó ní bóyá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ gígùn yẹn. Judicaël gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Láti ìgbà náà, Oyèkẹ́mi di ojú Màmá Àgbà. Òun ló ń mú un lọ sí odò, tó ń sọ ibi tí gbòǹgbò wà lójú ọ̀nà fún un, tó ń ṣàpèjúwe aṣọ tí ènìyàn wọ̀. Kí ó tó lọ sílé ìwé àti lẹ́yìn tó bá dé, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò ráhùn.

Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, ọmọkùnrin Sàlámì, àgbẹ̀ kan tó wà ní ìpẹ̀kun Màsẹ̀, kú sí ìrìnàjò. Àwọn àgbà ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyàwó Bàbá Fádáre, tí àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ, ń ṣàìsàn.

"Ta ni yóò bá yín lọ?" Fáṣèyí bi ìyá rẹ̀.

"Ẹni tó ń mú mi rìn," ni Màmá Àgbà wí.

Wọ́n gba ọ̀nà oko, ọwọ́ Màmá lórí èjìká Oyèkẹ́mi. Wọn kò sáré. Ẹnìkan bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Oyèkẹ́mi kí i nìkan, wọ́n kọjá. Sàlámì àti ìyàwó rẹ̀ ń bó àgbàdo níwájú ilé. Oyèkẹ́mi tọrọ omi. Ó mu díẹ̀, ó gbé e fún Màmá, lẹ́yìn náà ó gbé e fún Sàlámì, ó ní kí òun náà mu. Ó mú Màmá jókòó sí ọ̀tún Sàlámì, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí òsì, láàárín Sàlámì àti ìyàwó rẹ̀, ó sì di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú. Ọwọ́ Sàlámì le, eruku àgbàdo wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Oyèkẹ́mi kò sì jù ú sílẹ̀.

Ohun tó kọ́ nìyẹn, ó sì pọn dandan kí gbogbo ọmọ tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ọ láìjẹ́ pé ojú ẹnìkan fọ́. Kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ jáde, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí yóò kà á, àti ẹni tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún nígbà tó bá ń kà á. Bí kò bá mọ ìdáhùn, kí ó gbé fóònù kalẹ̀, kí ó dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.